Fóònù màmá aránṣọ ló kọ́ mi níṣẹ́

"Ọmọ mi, wò ó bó ṣe ń yí," ni màmá aránṣọ wí, ó sì na fóònù rẹ̀ sí mi. Ojú fóònù náà funfun báláú, òrùka kékeré kan ló ń pòòyì láàárín rẹ̀. Àga onígi tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Kétu, ní ilẹ̀ Benin, la jókòó sí, ẹ̀rọ ìránṣọ méjì ń dún lẹ́yìn wa. Ìkànnì tí mo fi odidi oṣù kan ṣe fún un ló fẹ́ ṣí han ìyàwó kan tó wá wọn aṣọ. Kí fọ́tò àkọ́kọ́ tó yọ dé ìdajì, mẹ́gà tó rà láàárọ̀ ti tán. Ìyàwó náà ní òun ń bọ̀. Kò padà wá. Ojú tì mí débi pé n kò lè gbé orí sókè.

Ọdún méjì ni mo ti fi kọ́ṣẹ́ kí ọjọ́ náà tó dé. Lẹ́yìn tí mo jáde ilé ẹ̀kọ́, mo gba Ìpobẹ́ àti Ṣákétẹ́ kọjá lọ sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, mo sì wọ ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá kan tó ń tẹ̀wé, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, tó sì ń ṣe ìkànnì. Ọ̀gá mi kì í jókòó kọ́ni. Wíwò ni. Ohun tó là mí lójú ni bọ́tìnnì méjì, Ctrl àti U. Ẹ tẹ̀ wọ́n pa pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà nígbà tí ẹ bá wà nínú Chrome tàbí Firefox, kóòdù HTML, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi kọ́ ojú ewé tí ẹ ń wò, á jáde síta. Tí ilẹ̀ bá ṣú, mo máa ń fi ojú ewé mẹ́ta mẹ́rin pamọ́ sórí kọ̀ǹpútà àlòkù mi, n ó gbé e relé, n ó máa pa ìlà kọ̀ọ̀kan rẹ́ láti wo ohun tó máa bàjẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí HTML ń ṣe àti èyí tí CSS ń ṣe: HTML ló ń to ọ̀rọ̀ àti fọ́tò, CSS ló ń fún wọn ní àwọ̀ àti ìrísí. Ẹ̀kọ́ MDN, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní ìkànnì ṣíṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wà ní èdè Faransé, ọ̀fẹ́ ni. FreeCodeCamp, tó ń kọ́ni bẹ́ẹ̀, náà kì í gba owó. Ẹni tó bá ní sùúrù lè fi àwọn yìí bẹ̀rẹ̀ kó tó ní owó ọ̀gá lọ́wọ́.

Àmọ́ gbogbo ohun tí mo ṣe ní Àjàṣẹ́, ojú kọ̀ǹpútà ńlá ọ̀gá mi ni mo fi ń wò ó, íntánẹ́ẹ̀tì ṣọ́ọ̀bù ló sì ń gbé e. N kò ronú kan fóònù ẹnikẹ́ni rí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ba ti màmá jẹ́. Fọ́tò aṣọ méjìlá ló wà lójú ewé náà, bí wọ́n ṣe ti inú fóònù mi jáde ni mo ṣe kó wọn síbẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó píksẹ́lì 4000 (píksẹ́lì ni ẹ̀kán tíntìn tó para pọ̀ di àwòrán), ó ga tó 3000, ó sì wúwo tó mẹ́gà 4. Ìlọ́po méjìlá rẹ̀ jẹ́ mẹ́gà 48. Bẹ́ẹ̀ ìbú ojú fóònù màmá kò ju píksẹ́lì 720 lọ. Àgbá omi ni mo dà lé ẹni tí ife ló gbé dání lórí. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo dín ìbú fọ́tò kọ̀ọ̀kan kù sí 800, mo sì fún un pọ̀ títí tó fi bọ́ sí kílóbáìtì 80 (nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kílóbáìtì ló ń di mẹ́gà kan). Gbogbo méjèèjìlá wá di nǹkan tí kò tó mẹ́gà kan. Mo fi loading="lazy" sí ara èyí tó wà nísàlẹ̀, kí wọ́n má baà wọlé títí ẹni tó ń wò ó yóò fi dé ọ̀dọ̀ wọn. Mo yọ fọ́tò ńlá tó ń rìn láti ọ̀tún sí òsì lókè ojú ewé náà kúrò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni mo fẹ́ràn jù.

Ìgbà yẹn ni mo lọ wo ojú ewé àkọ́kọ́ tí Tim Berners-Lee, ẹni tó dá wẹ́ẹ̀bù sílẹ̀, gbé jáde ní CERN, ilé ìwádìí sáyẹ́ǹsì kan ní Yúróòpù, ní 1991. CERN dá a padà sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2013. Ọ̀rọ̀ àti líǹkì lásán ni, ó sì ṣí lórí fóònù màmá kí n tó mí èémí kan.

Ọ̀rọ̀ èdè ló kàn. Faransé ni mo fi kọ gbogbo rẹ̀. Màmá nawọ́ sí "Accueil", ìyẹn ọ̀rọ̀ Faransé fún ojú ewé àkọ́kọ́, ó bi mí pé, "Ta ni mo fẹ́ kó ka èyí fún mi?" Ó mọ Yorùbá kà láti ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn oníbàárà rẹ̀ tó ń ti Ìmẹ̀kọ wá, ní ìhà Nàìjíríà, kò sì gbọ́ Faransé. Mo bi í bóyá kí n kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ níléèwé ìmọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà níhìn-ín, ìyẹn "ashɔ", àbí "aṣọ". Ó mú "aṣọ". Nígbà tí mo kọ ọ́ gàdàgbà sókè, lẹ́tà ṣ yàtọ̀ sí àwọn yòókù, ó tín-ín-rín bí ẹni pé wọ́n yá a láti ibòmíràn. Mo wá ìdí rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Fọ́ǹtì tí mo lò, ìyẹn àkójọ ìrísí lẹ́tà, ní ẹ àti ọ nítorí pé àwọn ará Vietnam náà ń lo lẹ́tà méjèèjì, ṣùgbọ́n wọn kì í lo ṣ. Fóònù náà wá lọ mú ṣ láti inú fọ́ǹtì míràn. Àmì ohùn tún jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹ̀ àti ọ́ kò ní ààyè tiwọn nínú Unicode, àkójọ lẹ́tà gbogbo èdè tí kọ̀ǹpútà ń lò, ńṣe ni wọ́n ń gbé àmì lé ẹ àti ọ lórí, fọ́ǹtì tí kò bá mọ̀ ọ́n gbé á jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Noto Sans ni mo wá lò. Kí ẹ tó yan fọ́ǹtì èyíkéyìí, ẹ kọ "ẹ̀kọ́ṣẹ́" sínú rẹ̀ ná, kí ẹ sì fi lang="yo", tó ń sọ pé Yorùbá ni, sórí ojú ewé náà. Ó dùn mí gan-an nígbà tí mo bá rí iṣẹ́ Yorùbá tí wọ́n bọ́ àmì rẹ̀ dànù nítorí ọ̀lẹ ẹni tó ṣe é.

Nípa owó, ẹ gba ìdajì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan ní Àjàṣẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi tán, n kò rí i mọ́.

Èyí tó tún yẹ kí n jẹ́wọ́ ni pé orúkọ mi ni mo fi ra domain, ìyẹn àdírẹ́sì ìkànnì, oníbàárà mi kan. Ọdọọdún là ń sanwó rẹ̀. Ìránnilétí wá sínú méèlì tí n kò ṣí mọ́, ìkànnì ọkùnrin náà sì pòórá ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Láti ìgbà náà, méèlì ẹni tó ni iṣẹ́ ni mo ń lò, ọwọ́ rẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀ máa ń wà.

Mo padà sọ́dọ̀ màmá lọ́jọ́ ọjà, ní ọ̀sán gangan. Ìkànnì náà ṣí wéré. Ó fọwọ́ ṣíji bo ojú fóònù, ó sún un mọ́ ojú, ó ní, "Owó ìránṣọ dà?" Ó wà níbẹ̀. Àwọ̀ eérú ni mo fi kọ ọ́ sórí funfun, oòrùn sì gbé e mì. Ìlànà WCAG, tó wà kí gbogbo ènìyàn lè rí ìkànnì lò, ní kí ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ láàárín lẹ́tà àti ẹ̀yìn rẹ̀ tó 4.5 sí 1, n kò wọ̀n ọ́n rí. Mo yọ kọ̀ǹpútà nínú àpò, mo sọ lẹ́tà náà di dúdú lórí ìjókòó, mo ní kó tún un ṣí. Ó kà á sókè ketekete: "Ìró àti bùbá, ẹgbẹ̀rún márùn-ún fáráǹkì." Ó wá pe ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ rẹ̀ pé kó dá ẹ̀rọ dúró, kó wá wò ó.