Ilẹ̀ Kò Lẹ́sẹ̀: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nídìí Iṣẹ́ Wíwọn Ilẹ̀ ní Abẹ́òkúta

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ àti yíya àwòrán rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí, ojú tì mí kí n tó kọ́ ọ, n kò sì ní fi ọ̀rọ̀ náà sábẹ́ ahọ́n sọ.

Ní ọ́fíìsì kékeré tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Kútọ̀, a gba iṣẹ́ pé kí a kó àwọn plan àtijọ́ ti láyáàtì kan lápá Ọbáńtókò wọ inú kọ̀ǹpútà, kí a sì tẹ́ wọn lé orí àwòrán tí sátẹ́láìtì yà. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tuntun ni mo fi ṣe tèmi. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa fi èyí tó ti pẹ́ lórí tábìlì ṣe tirẹ̀. Nọ́ńbà kan náà ni a tẹ̀ sí i, orúkọ sọ́fítíwíà tí a lò kò sì yàtọ̀, àfi ẹ̀dà rẹ̀. Nígbà tí a pa iṣẹ́ méjèèjì pọ̀, gbogbo ilẹ̀ tí ọmọ náà yà ti sún kúrò lórí tèmi: ó lọ sí ìlà-oòrùn ní nǹkan bíi 87 mítà, ó sì lọ sí gúúsù ní nǹkan bíi 47. Lápapọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 100 mítà, tí í ṣe pé pulọ́ọ̀tì ẹnì kan ti kọjá títì lọ bá ti ẹlòmíràn.

Ìyá àgbàlagbà kan tó ní ilẹ̀ níbẹ̀ wọlé bá wa lọ́jọ́ náà. Mo fi ibi tí ilẹ̀ wọn bọ́ sí lójú kọ̀ǹpútà ọmọ náà hàn wọ́n, mo sì tún fi tèmi hàn wọ́n. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, “Ọmọ mi, ilẹ̀ tèmi ò lẹ́sẹ̀ o. Ibi tí bàbá yín rà á sí náà ló ṣì wà.” Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ wa ni mo kọ́kọ́ dá lẹ́bi, mo ní ó tẹ nọ́ńbà ṣì. Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kà á.” A kà á, kò sí èyí tó ṣì.

Ohun tó fà á nìyí. Orí datum (ìpìlẹ̀ tí a fi ń ṣírò ibi tí nǹkan wà láyé) tí wọ́n ń pè ní Minna ni wọ́n gbé ọ̀pọ̀ plan àtijọ́ ilẹ̀ Nàìjíríà kà. Ibùdó L40 ní ìlú Minna ni ìṣirò náà ti bẹ̀rẹ̀, ìrísí ayé tí wọ́n sì gbà lò ni Clarke 1880, tí ó ka gígùn láti àárín gbùngbùn ayé dé agbedeméjì rẹ̀ sí 6,378,249.145 mítà. Datum mìíràn, WGS 84, ni GPS àti fóònù yín ń lò, 6,378,137 mítà sì ni òun kà á sí. Yàtọ̀ sí èyí, ibi tí ọ̀kan fi ṣe àárín gbùngbùn ayé kọ́ ni èkejì fi ṣe é. Bí ẹni méjì bá ní kí a lọ sí ilé karùn-ún, tí ọ̀kan ń ka ilé láti Sápọ́n, tí èkejì ń kà á láti Aké, ilé kan náà kọ́ ni a ó kàn lórí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn méjèèjì sọ “márùn-ún” tí wọn kò sì purọ́.

Kí kóódínéètì, ìyẹn nọ́ńbà tí ń sọ ibi tí nǹkan wà, tó kúrò lórí Minna bọ́ sórí WGS 84, a ní láti fi nọ́ńbà mẹ́ta ṣí àárín ayé nípò. Èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ jù ni −92, −93 àti 122 mítà, tí wọ́n fi ṣe ìwọ̀n fún Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan ló wà. Nínú àkójọ EPSG, tí ó ń fún datum àti ètò kóódínéètì ní nọ́ńbà ìdánimọ̀, ọ̀nà tí a lè gbà yí Minna padà sí WGS 84 ju mẹ́wàá lọ, oníkálukú wọn ní àgbègbè tí ó wà fún, ó sì ní ìwọ̀n bí ó ṣe péye tó. Èmi tí mo ti ń pe ara mi ní ọ̀gá kò mọ èyí nígbà náà. Mo rò pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà, pé sọ́fítíwíà sì ti mọ̀ ọ́n.

Inú sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ tí a ń lò, bíi QGIS àti GDAL, PROJ ni ó ń ṣe ìṣirò yìí. Láyé PROJ 4, ńṣe ni wọ́n ń lẹ àwọn nọ́ńbà mẹ́ta yẹn mọ́ àpèjúwe kóódínéètì pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan tí ń jẹ́ +towgs84. Bí ọ̀rọ̀ náà kò bá sí níbẹ̀, ẹ̀rọ kò ní ṣí nǹkan kan nípò, kò sì ní ké gbàjarè. Lórí kọ̀ǹpútà àgbà wa, èyí tí ọmọ náà lò, ẹnì kan tí a kò mọ̀ ti kọ +proj=utm +zone=31 +ellps=clrk80 +units=m síbẹ̀ láti ọdún gbọọrọ, ó sì dá a dúró níbẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ tí ó ti jáde láti orí ẹ̀rọ yẹn ló ti gba ìlà-oòrùn gúúsù lọ, kí a tó mọ̀.

PROJ 6, tí ó jáde ní oṣù kẹta ọdún 2019, yí ìṣe yìí padà. Ó ní àkójọpọ̀ dátà tirẹ̀. Bí ẹ bá sọ fún un pé láti EPSG:26331 (Minna, UTM 31) sí EPSG:32631 (WGS 84, UTM 31), á wo gbogbo ọ̀nà tó mọ̀, á sì fi àgbègbè àti ìpéye yan ọ̀kan. Ìdí nìyẹn tí tèmi fi bọ́ síbi tó dára. Ṣùgbọ́n bí òun náà kò bá rí ọ̀nà kankan, á ṣe ohun tó pè ní ballpark, ìyẹn ìfojúdá, níbi tí yóò ti fi ìlà ìbú àti ìlà òòró sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Èsì á jáde wẹ́rẹ́, pẹ̀lú nọ́ńbà mẹ́ta lẹ́yìn àmì ìdá, bí ẹni pé òótọ́ ni.

Ọ̀nà tí mo gbà mọ ẹni tó ṣìnà nínú àwa méjèèjì ni pé mo mú máàpù ìlú kan tó wà lórí datum kan náà, mo wo afárá Láfẹ́nwá. Lórí ẹ̀rọ tèmi, títì gba orí afárá kọjá. Lórí ti ọmọ náà, títì yà kúrò lórí afárá, ó sọ̀kalẹ̀ sínú Odò Ògùn.

Ọ̀ràn kejì tó ṣẹlẹ̀ sí mi pa mí lẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn tí mo fi GDAL 3 rọ́pò ti àtijọ́, ètò kékeré kan tí mo kọ láti to àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Abẹ́òkúta sórí máàpù kó gbogbo wọn dà sínú òkun. Abẹ́òkúta wà ní nǹkan bíi 7.15 sí àríwá àti 3.35 sí ìlà-oòrùn. Bí ẹ bá pààrọ̀ àwọn méjèèjì, ẹ ó bára yín lójú agbami, gúúsù Port Harcourt, níwọ̀-oòrùn erékùṣù Bioko. Láti ẹ̀dà 3.0 ti ọdún 2019 ni GDAL ti ń tẹ̀lé ètò EPSG:4326 (ìlà ìbú àti ìlà òòró lórí WGS 84), tí ìlà ìbú fi ń ṣáájú, nígbà tí ètò tèmi ń fi ìlà òòró ṣáájú. Ẹni tó bá ń lo pyproj, ìyẹn PROJ fún èdè Python, kó kọ always_xy=True síbẹ̀, kó sì sinmi. Irú àṣìṣe yìí kì í pa ènìyàn, nítorí kò sẹ́ni tí kò ní rí ilé-ẹ̀kọ́ tó wà lójú òkun.

Èyí tí mo bẹ̀rù jù ni àṣìṣe mítà mẹ́rin tàbí márùn-ún, tó máa ń wáyé nígbà tí ẹ̀dà tuntun bá yan ọ̀nà mìíràn láàárín àwọn tó ju mẹ́wàá náà. Ojú kò lè rí i lórí àwòrán sátẹ́láìtì. Bẹ́ẹ̀, pulọ́ọ̀tì tiwa níhìn-ín sábà máa ń jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 ní ìbú àti 120 ní gígùn, ìyẹn nǹkan bíi mítà 18 àti 37. Mítà márùn-ún ti ju ìdá kan nínú mẹ́rin iwájú ilé lọ, ẹjọ́ kóòtù sì ti wà nínú rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má ṣe gba ohun tí sọ́fítíwíà yàn láìmọ ohun tó yàn. Ẹ tẹ projinfo -s EPSG:26331 -t EPSG:32631 --summary, yóò to àwọn ọ̀nà náà síwájú yín. Nínú QGIS, ẹ lè dè é mọ́ iṣẹ́ yín ní abala Transformations. Ẹ má sì ṣe fi lílọ àti bíbọ̀ dán an wò, bí èmi ti ṣe lọ́jọ́ kìíní, tí mo yí nọ́ńbà lọ sí WGS 84, mo tún yí i padà sí Minna, tí ó bá ara rẹ̀ mu, tí mo sì ń yọ̀. Ọ̀nà tí kò tọ́ náà máa ń gbé ènìyàn padà sílé. Orí bíkìn (òpó kékeré tí a fi sàmì sí ilẹ̀) tí a mọ nọ́ńbà rẹ̀ ni kí ẹ lọ.

A gbé GPS ńlá lọ sí Ọbáńtókò pẹ̀lú ìyá náà. Bíkìn wọn wà níbi tí wọ́n sọ pé ó wà, lẹ́yìn ilé ìdáná, wọ́n ti gbé ike omi lé e lórí. Nígbà tí a yẹ̀ ẹ́ wò, tèmi náà yẹ̀ ní mítà díẹ̀, mo sì sọ ọ́ fún ọmọ ìkọ́ṣẹ́ náà pé tèmi kò pé, mo sì bẹ̀ ẹ́ fún ẹ̀bi tí mo dá a. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ gbogbo plan wa: datum, ọ̀nà ìyípadà pẹ̀lú àwọn nọ́ńbà rẹ̀, ẹ̀dà PROJ, bíkìn tí a fi yẹ̀ ẹ́ wò, àti ọjọ́ tí a lọ síbẹ̀.