Kí oúnjẹ má bàa gba ọ̀nà òdì: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lórí àìsàn Huntington

Ẹni tó ní àìsàn Huntington, àìsàn ọpọlọ tí èèyàn ń jogún lọ́dọ̀ òbí, tó ń mú kí ara máa jù fúnra rẹ̀, lè máa jẹun yó bámúbámú kó ṣì máa rù. Ẹ má pè é ní wọ̀bìà. Ara tí kò sinmi, tí ọwọ́ ń jù, tí ẹsẹ̀ ń ta, ń jó oúnjẹ bí iná ṣe ń jó epo. Ẹlòmíì nílò kálórì 4,000 lójúmọ́, ìlọ́po méjì ohun tó tó obìnrin tára rẹ̀ le. Oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹta kò tó: ẹ pín in sí ẹ̀ẹ̀marùn-ún tàbí mẹ́fà. Ẹ po mílíìkì àti ẹ̀pà tí wọ́n lọ̀ kúnná mọ́ ògì tó ki. Ẹ máa gbé aláìsàn náà sórí ìwọ̀n kan náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ kọ bó ṣe wúwo tó sílẹ̀. Ojú tó ń rí i lójoojúmọ́ kì í tètè mọ̀ pé ó ti rù.

Omi lásán la máa ń fojú tẹ́ńbẹ́lú, bẹ́ẹ̀ ó máa ń ṣàn wọ ọ̀fun kí iṣan tó pa ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró dé. Gàrí mímu burú jù ú lọ: omi ń sáré, hóró ń fẹ́ jíjẹ, ẹnu kan náà ni wọ́n wà. Ẹ mú un kúrò pátápátá.

Ti okèlè tún yàtọ̀. Àwa kì í jẹ ẹ́, à ń gbé e mì ni, àìsàn yìí kì í sì í jẹ́ kí ọwọ́ ní sùúrù. Á ti ki òmíràn bọ ẹnu kí ti àkọ́kọ́ tó lọ. Ẹ bù ú kékeré bí èkùrọ́, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí àwo jìnnà sí i.

Kó jókòó ṣánṣán, kí ẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n, ẹ má bi í ní ìbéèrè nígbà tí oúnjẹ wà lẹ́nu. Lẹ́yìn oúnjẹ, kó má dùbúlẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí ohùn bá ń dún bí ẹni pé omi wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, tàbí tí ibà bá tẹ̀ lé ikọ́, ilé ìwòsàn ni, lọ́jọ́ náà gan-an. Òtútù àyà ló ń pa ọ̀pọ̀ nínú wọn.

“Kí lẹ fẹ́ jẹ?” le jù fún un. “Ògì àbí mọ́ínmọ́ín?” ló yé e, kí ẹ sì dúró dè é, ìdáhùn lè pẹ́, ṣùgbọ́n ó ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ rọ́bà tí wọ́n ń gbà fi oúnjẹ sí ikùn, ẹ bi í nísinsìnyí tí ẹnu rẹ̀ ṣì ń sọ̀rọ̀.