Ẹ wo ẹnu eṣinṣin kí ẹ tó wo àwọ̀ rẹ̀

Àwọ̀ ló ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Eṣinṣin tó bà lé ẹsẹ̀ màlúù ní odò ẹran Oko Ọba l'Agége àti èyí tó bà lé etí àwo ọbẹ̀ ní Múṣin lè jọra wọn gan-an: àwọn méjèèjì rí bí eérú, ilà dúdú mẹ́rin wà lẹ́yìn àyà wọn, gígùn wọn kì í sábà ju mìlímítà 7 lọ. Ẹnu ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹnu eṣinṣin ilé rọ̀, ó sì ń fa omi oúnjẹ bíi fóòmù tí a fi ń fọ abọ́. Ti Stomoxys, eṣinṣin ẹsẹ̀ màlúù yẹn, le, ó dúdú, ó sì yọ síwájú lábẹ́ orí. Akọ rẹ̀ ń mu ẹ̀jẹ̀, abo náà ń mu ún.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú eṣinṣin tí ẹ rí, ẹ má gbá a o. Eṣinṣin tí wọ́n gbá mọ́ ògiri kò wúlò mọ́, ìyẹ́ ti ya, irun ìwo ti re. Ẹ fi ike ẹlẹ́nu fífẹ̀ dé e mọ́lẹ̀, ẹ ti páálí wọ abẹ́ rẹ̀, ẹ gbé e sínú fíríísà fún wákàtí méjì. Bí ẹ bá tètè mú un jáde, yóò jí, á sì fò lọ. Ẹ má sì rẹ ẹ́ sínú sípíríìtì kí ẹ tó wò ó: eérú ara rẹ̀ ló ń fi ilà hàn, bó bá ti tutù, ilà pòórá.

Lẹ́yìn ẹnu, ó kan ìyẹ́. Awò tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po 10 ti tó. Iṣan kẹrin nínú ìyẹ́ eṣinṣin ilé ṣẹ́ kọdọrọ síwájú nítòsí etí ìyẹ́. Ti Stomoxys kàn tẹ̀ díẹ̀ ni. Glossina, èyí tó ń gbé àrùn oorun kiri, máa ń pa ìyẹ́ kan lé èkejì pátápátá bó bá bà, àlàfo kan sì wà láàárín àwọn iṣan ìyẹ́ náà tó rí bí àáké. Tabanus, eṣinṣin ńlá tí abo rẹ̀ ń mu ẹ̀jẹ̀ ẹran, tóbi ju gbogbo wọn lọ. Bí ojú rẹ̀ méjèèjì bá pàdé lókè orí, akọ ni, kì í mu ẹ̀jẹ̀. Bí àlàfo bá wà láàárín wọn, abo ni. Èyí tó pẹlẹbẹ, tó ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú irun ajá, Hippobosca ni.

Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ẹnu wọn kò ní sọ nǹkan kan fún yín, torí ìdin wọn ló ń jẹ ẹran ara. Oestrus tó ń ju ìdin sí imú àgbò kò lè fi ẹnu tirẹ̀ jẹun rárá. Eṣinṣin tumbu, tí ìdin rẹ̀ máa ń gba ara aṣọ wọ awọ ara èèyàn, ló kan ilé wa jù, pàápàá àwọn tó ń sá aṣọ sórí koríko. Ó gùn tó mìlímítà 8 sí 12, ó pọ́n bíi yẹ̀ẹ̀pẹ̀ gbígbẹ, ilà dúdú méjì tó fẹ̀ ló wà lẹ́yìn àyà rẹ̀, kò sì dán. Eṣinṣin tó ń dán bí ewé tútù kì í ṣe òun. Auchmeromyia, eṣinṣin tí ìdin rẹ̀ ń mu ẹ̀jẹ̀ èèyàn, ló jọ ọ́ jù: lára abo rẹ̀, ìpín kejì ikùn gùn tó ìdajì gbogbo ikùn, nígbà tí àwọn ìpín ikùn tumbu fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.

Ìdin ló sábà máa ń dé ọwọ́ wa. Ìdin tumbu kan ló sábà máa ń wà nínú eéwo kan, pẹ̀lú ihò kékeré lórí rẹ̀. Bí ọ̀pọ̀ ìdin bá ń jà nínú egbò ńlá, irú mìíràn ni. Ẹ má fún eéwo náà kí ìdin má baà bẹ́ sínú. Ẹ fi fasẹlíìnì dí ihò náà, yóò yọrí wá mí. Bó bá jáde, ẹ kọ́kọ́ dà á sínú omi gbígbóná tí kò tíì hó, kó tó kan sípíríìtì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á súnkì, á sì dúdú. Ẹ wá wo ẹ̀yìn rẹ̀: ihò ìmí méjì, ojú ihò tóóró mẹ́ta tó wọ́ díẹ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ojú ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá tọ́ gbọnrangandan, kì í ṣe tumbu.