Owó ìfẹ̀yìntì Kabba àti ti ìlú òyìnbó

Ẹ̀gbọ́n mi ní Kabba sọ̀rọ̀ kan lórí fóònù tó dùn mí wọra: "Ẹ̀yin tí ìjọba ń fún lówó ọ̀fẹ́ lọ́hùn-ún." Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì; nọ́ọ̀sì lèmi ṣe ní Britain títí mo fi fẹ̀yìn tì, pẹ́ńṣọ̀n mi ni wọ́n ń pè ní owó ọ̀fẹ́. Àwa ará Òkun, Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogi, tó ń rò bẹ́ẹ̀ pọ̀, ìdí nìyí tí mo fi ń kọ èyí.

Ti ilé ò gba àlàyé. Nàìjíríà kì í yọ owó orí lára pẹ́ńṣọ̀n, odindi ló yẹ kó dé ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n. Àmọ́ lóṣù mìíràn, ààbọ̀ ni wọ́n ń rí. Gíráṣúítì wọn ò tíì jáde. Bí wọ́n bá sì ní kí wọ́n wá fara hàn ní Lokoja pé àwọn ṣì wà láàyè, àfi kí wọ́n wọ mọ́tò gba Obajana lọ, pẹ̀lú gbogbo ìbẹ̀rù ajínigbé.

Níbí, ta ló rí owó ọ̀fẹ́? Kwara ṣì ni Kabba wà nígbà tí mo kúrò nílé, láti ìgbà náà títí mo fi fẹ̀yìn tì ni wọ́n fi ń yọ owó National Insurance, èyí tí wọ́n fi ń ka ọdún pẹ́ńṣọ̀n ẹni, lára owó oṣù nọ́ọ̀sì mi. Ẹni tí kò bá ní ọdún 10 nínú ìwé wọn kò ní gba kọ́bọ̀. Ọdún 35 ló sábà ń múni gba odindi, mo sì di ẹni ọdún 66 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í san tèmi. Odindi náà jẹ́ £230.25 lọ́sẹ̀ láti April 2025 sí April 2026. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin ló ń wọlé, mi ò bá ẹnikẹ́ni tò sórí ìlà rí.

Wọn kì í yọ owó orí kí èyí tó dé ọwọ́ ẹni, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń ṣì í gbọ́. Ẹ ṣírò rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 52: £11,973. £12,570 lèèyàn lè gbà lọ́dún láìsan owó orí, ó ku £597. Pẹ́ńṣọ̀n kejì, èyí tí mo fi iṣẹ́ ilé ìwòsàn ní, ló wá ń ru ẹrù náà: ohun tó bá ti lé ní £597 nínú rẹ̀ lọ́dún náà, wọ́n mú 20 nínú 100 kí wọ́n tó fi ránṣẹ́. Lẹ́tà owó orí ọdún náà wà lórí tábìlì mi, pẹ̀lú àmì tó ń sọ iye tí èèyàn lè gbà láìsan owó orí. 1257L ni wọ́n máa ń kọ síbẹ̀ nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́; lọ́dún náà, ó di 59L.

Síbẹ̀, owó orí kọ́ ló ń dùn mí. Ẹ̀gbọ́n ní kí n kó bọ̀ wálé, kí n máa ná pọ́ùn ní Kabba. Ọdọọdún ni wọ́n ń fi kún pẹ́ńṣọ̀n ẹni tó wà níbí. Ẹni tó padà sí Jamaica, àfikún náà ń bá a débẹ̀, nítorí ìjọba méjèèjì ní àdéhùn. Ẹni tó padà sí Nàìjíríà, iye tó ń gbà nígbà tó lọ náà ni yóò máa gbà títí ọlọ́jọ́ á fi dé. Èmi àti ọmọ Jamaica jọ ṣọ́ wọ́ọ̀dù kan náà lóru, owó kan náà ni wọ́n yọ lára wa. Kí ni mo ṣe tí tèmi á fi dúró sójú kan?

Kì í ṣe pé mo gbàgbé ilé. Nínú owó tí wọ́n ti yọ owó orí rẹ̀ yìí ni mo ti ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún Ẹ̀gbọ́n lóṣù tí tiwọn ò bá pé. Bí mo bá kó wálé, tí ọjà ń gbówó lórí tí tèmi ò sì lè kún mọ́, ta ni yóò máa fi ránṣẹ́ sí àwa méjèèjì?