Ìgbà tí wọ́n ń gbé oúnjẹ wá bá wa nínú mọ́tò

Àwọn ilé oúnjẹ drive-in ayé àtijọ́ yẹn ní Amẹ́ríkà, àárò wọn ń sọ mí gan-an o! O ò ní sọ̀kalẹ̀ rárá, wàá kàn páàkì mọ́tò ẹ, carhop, ìyẹn òṣìṣẹ́ tó ń gbé oúnjẹ wá síbi mọ́tò, á wá gba ọ́dà (àwọn míì tiẹ̀ wọ bàtà oníwíìlì), á fi tíréè há ojú fèrèsé ẹ, bọ́gà, ànàmọ́ díndín, mílíìkì ṣéèkì tó tutù nini. Ilé oúnjẹ Pig Stand ní Dallas ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lọ́dún 1921. McDonald's náà ní carhop tẹ́lẹ̀, 1948 ni wọ́n yọ wọ́n kúrò kí iṣẹ́ lè yá. Ó yá lóòótọ́, àmọ́ kí èèyàn jókòó ti ọ̀rẹ́, kí rédíò mọ́tò máa kọrin, kẹ́nikẹ́ni má lé ẹ, ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ràn jù. Sonic, ilé oúnjẹ kan ní Amẹ́ríkà, ṣì ń ṣe é báyẹn.