Ẹmu tí kì í fò

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi o, ẹ jẹ́ kí n rojọ́ tán ná.

Lánlọ́ọ̀dù wa ní Mọ́kọ́lá níbí, n'Íbàdàn, tíṣà èdè Òyìnbó ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí nǹkan tí wọ́n fẹ́ràn tó kúrósíwọ́ọ̀dù inú pépà, eré tí èèyàn ti ń fi lẹ́tà ìdáhùn ìbéèrè kún àwọn ihò kéékèèké níbùú àti lóòró. Ẹ lè jẹ wọ́n lówó ilé oṣù méjì, wọ́n á kàn máa wò yín ni, àmọ́ tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kan kúrósíwọ́ọ̀dù kí wọ́n tó ṣe é tán, ẹ yáa tètè máa wá ilé míì. Aago méje àárọ̀ ni fẹ́ńdọ̀ máa ń ju pépà sẹ́nu géètì. Wọn ò ní ṣí i o. Ó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, tí àmàlà ti lọ sílẹ̀, tí wọ́n ti sùn tí wọ́n ti jí, kí wọ́n tó gbé àga síta, pẹ́ńsùlù létí.

Wọ́n á tún máa fi ìtàn ẹ̀ dá wa lágara. Pé ọmọ Liverpool kan tó ń jẹ́ Arthur Wynne ló kọ́kọ́ ṣe é sínú pépà New York World lọ́jọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 1913, pé ó rí bíi dáyámọ́ńdì nígbà yẹn, pé Word-Cross ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè é kí wọ́n tó dojú ẹ̀ délẹ̀. Pé New York Times bú u lọ́dún 1924 pé ìfàkókòṣòfò ni, ìgbà tó di 1942 àwọn náà gbé tiwọn jáde. Ibẹ̀ yẹn ni Màmá lánlọ́ọ̀dù máa ń dá sí i: "Wèrè ti ran àwọn náà nìyẹn." Gbogbo ìgbà ni Bàbá ń sọ ọ́, gbogbo ìgbà náà ni Màmá ń fèsì kan náà.

Ó wá di Tọ́sìdeè tó kọjá. Bàbá fẹ́ lọ síbi tí wọ́n ti ń yẹ àwọn tó ń gba pẹ́ńṣàn wò, èyí tí wọ́n máa ń ní kí àwọn arúgbó wá fi ojú ara wọn hàn pé àwọn ò tíì kú. Òjò ti ṣú, wọ́n ní kí n bá wọn gbé pépà wọlé tó bá ti dé. Wọ́n wá wò mí lójú. "Ìwọ. Gbé e wọlé ni mo wí o." Mo ní ẹ má ṣèyọnu, sà.

Iná ò sí. Dátà mi ti tán. Èmi nìkan ni mo wà nílé, pépà náà sì ń wò mí. Mo ní kí n kàn yẹ ojú ẹ̀ wò.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ níbùú: ẹyẹ ńlá ilẹ̀ Ọsirélíà tí kì í fò, lẹ́tà mẹ́ta. EMU. Ẹ̀rín pa mí. Ẹmu kúkú kì í fò lóòótọ́, àwọn tó mu ún ló máa ń fò. Mo wo ìkejì: ọ̀já tí àwọn ará Japan ń dì mọ́ kímónò. OBI. Obì kẹ̀! Òmíràn, ohun tí èrò ń pariwo ní Sípéènì tí ẹni tó ń bá màlúù jà bá dárà. OLE. Tiwọn nìyẹn o, tí wọ́n bá pariwo ẹ̀ ní Mọ́kọ́lá, ẹ tètè sá. Ìbínú, lẹ́tà mẹ́ta: IRE. Ìbínú ni Òyìnbó ń pè ní ire. Abájọ.

Orí mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Mo ti rí ìdí ẹ̀: ẹni tó ń hun kúrósíwọ́ọ̀dù, tó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìbú àti ọ̀rọ̀ òró gba inú ara wọn kọjá, àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tí fáwẹ̀lì wà níwájú tó tún wà lẹ́yìn ló máa ń wá kiri, kí ló wá kún inú Yorùbá ju ìyẹn lọ? Ilé, ọ̀nà, owó, ẹsẹ̀, iyọ̀, epo. Àwa gan-an ló yẹ kí wọ́n fún níṣẹ́ yẹn. Ibi tí mo ti ń rò ó ni mo ti rí ìbéèrè tó bayé mi jẹ́: ẹni tó ń jọba ní Benin, lẹ́tà mẹ́ta. OBA.

Ẹ̀yin ará, mo mú bíró. Bíró o, kì í ṣe pẹ́ńsùlù.

Mo kọ OBA. Mo kọ EMU, mo kọ OBI, gbogbo ẹ̀ bọ́ síbẹ̀ bí ẹsẹ̀ inú bàtà. Wọ́n béèrè ohun tí a fi ń gbọ́rọ̀, mo kọ ETI. Wọ́n béèrè ẹran tó ń tẹ̀lé ọdẹ lọ sígbó, mo kọ AJA. Irinṣẹ́ àgbẹ̀, mo kọ OKO. Mi ò tiẹ̀ mọ ìgbà tí mo kúrò nínú Òyìnbó mọ́, mo ṣáà ń kọ, mo ń fi orin sí i, mo ń bá ara mi sọ̀rọ̀ pé báyìí ló rọrùn tó tí Bàbá fi máa ń fi gbogbo ìrọ̀lẹ́ họ orí?

Àfi ìgbà tí mo dé òró kan, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú aláìsàn, lẹ́tà mẹ́jọ. Hospital ni, ọmọ kékeré mọ̀ ọ́n. Mo wá wò ó, J ló ti jókòó síwájú ẹ̀, K wà láàárín. Kò sí hospital tó ní J láyé yìí. Ẹsẹ̀ mi tutù.

Mo fi itọ́ sọ́wọ́, mo fi pa á, ó di dúdú. Mo sáré mú kílínà ọmọ mi nínú báàgì súkúù, mo fà á títí pépà fi lu. Imú òṣèlú kan ń yọjú láti ojú ewé kejì gba inú ihò náà, ó ń wò mí bí ẹni tó mọ̀ mí.

Mo sáré lọ bá fẹ́ńdọ̀ lórí títì. Àwọn tó máa ń ka pépà lọ́fẹ̀ẹ́ pé síbẹ̀, wọ́n ń jà lórí bọ́ọ̀lù. Fẹ́ńdọ̀ ní, "T'òní ti tán, ọ̀gá. T'àná ló kù." Mo ní kó mú t'àná wá. Ó wò mí lókè nílẹ̀, owó t'òní ló sì gbà lórí ẹ̀.

Ọgbọ́n mi ni pé ojú ewé kan náà ni wọ́n máa ń gbé kúrósíwọ́ọ̀dù sí lójoojúmọ́, nọ́mbà ẹ̀ bára mu, kí n yọ t'òní, kí n fi t'àná há a, ó tán. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá yọ ewé kan nínú pépà, ojú mẹ́rin lẹ yọ, apá òsì ń fa apá ọ̀tún lọ́wọ́ ni. Apá tí kúrósíwọ́ọ̀dù wà ni mo wò. Mi ò wo apá kejì.

Aago mẹ́rin, Bàbá jókòó. Mo ń yọjú láti ojú fèrèsé. Pẹ́ńsùlù wọn ò dúró! Wọ́n ń kọ bí ẹni tí wọ́n ń pè é fún. Kò pẹ́ rárá, wọ́n pariwo, "Màmá! Ìṣẹ́jú mẹ́jọ! Ọpọlọ yìí ò darúgbó o!" Màmá pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní àwọn tó ń ṣe é ti ya ọ̀lẹ, wọ́n ti rọ̀ ọ́ jù. Èmi náà mí kanlẹ̀.

Wọ́n wá yí i sí apá kejì. Ìkéde òkú ni, ó gba gbogbo ojú ewé, bàbá kan tó dé fìlà abetí-ajá.

"Hẹn? Ṣebí bàbá yìí ti kú lánàá?"

Màmá tẹjú mọ́ ọn. "Òun náà ni. Àbí ó tún kú ni?"

Bàbá tó jẹ́ pé àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n lọ jẹ́rìí ara wọn pé àwọn wà láàyè! Wọ́n gbé ojú sókè pépà, wọ́n wo déètì. Gbogbo àgbàlá dákẹ́. Màmá ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín: "Ìṣẹ́jú mẹ́jọ! Èyí tẹ́ ẹ ṣe lánàá?"

"Ìwọ!" Wọn ò pe orúkọ, mo sì mọ̀ pé èmi ni.

Mo dọ̀bálẹ̀, mo mú ewé tó lu náà jáde lábẹ́ bùbá. Wọ́n fi gíláàsì wọn sójú, wọ́n ń kà á wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Ajá. Etí. Ọkọ́." Wọ́n tún kà á. Màmá ti jókòó sílẹ̀, kò lè mí dáadáa mọ́. Mo ń retí kí wọ́n ní kí n lọ dì ẹrù mi. Wọ́n ki ọwọ́ bọ àpò, bíró pupa ni wọ́n mú jáde, wọ́n fi àga tì mí lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í máàkì: EMU, ó tọ́. OBI, ó tọ́. AJA, wọ́n fa igi gbọọrọ lé e. Wọ́n ṣe é dé ìparí, wọ́n ròpọ̀ ẹ̀, wọ́n fa ìlà yí máàkì ká, mẹ́ta péré. Wọ́n wá kọ ọ́ gàdàgbà sísàlẹ̀ ibẹ̀, èmi tí mo ṣì dọ̀bálẹ̀ síwájú wọn: "See me."