Ẹ̀dà Kan Ṣoṣo Tó Kù: Bí Láíbìrì Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ Ṣe Lè Fi Àáró Tọ́jú Ìwé

Ẹ wọ láíbìrì mẹ́rin láàárín Àgọ́-Ìwòyè àti Ṣágámù. Ìwé gírámà, ìwé máàtì àti ìwé bàólójì kan náà ni ẹ máa bá lórí pẹpẹ wọn. Ẹ wá béèrè ìwé ètò Ojúde Ọba ogún ọdún sẹ́yìn, kàlẹ́ńdà rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ (ẹgbẹ́ ojúgbà) kan, ìwé pẹlẹbẹ tí ṣọ́ọ̀ṣì tẹ̀ nígbà tó pé ọgọ́rùn-ún ọdún, tàbí ìwé ìtàn ìlú tí ọmọ bíbí ìlú fi owó ara rẹ̀ tẹ̀. Tí ẹ bá rí ẹyọ kan, ikán lè ti jẹ ẹ̀yìn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ìwé gírámà wà lọ́jà lọ́la. Ìwé pẹlẹbẹ yẹn ò sí níbòmíràn láyé.

Àáró ni àwọn àgbẹ̀ wa fi ń yanjú irú ọ̀rọ̀ yìí: lónìí gbogbo wa wà lóko tìrẹ, lọ́la gbogbo wa wà lóko tèmi. Ohun tí láíbìrì nílò nìyẹn. Kí wọ́n pín ohun tí kálukú á máa kó jọ, kí wọ́n fọwọ́ sí i pé ibi báyìí ni ẹ̀dà ìkẹyìn wà, kí wọ́n sì kọ́ yàrá kan ṣoṣo tó dára fún àwọn ẹ̀dà ìkẹyìn náà, dípò yàrá méje tí ọ̀rinrin kún. Ọ̀rọ̀ ìwé àti ọ̀rọ̀ ilé, ọ̀kan náà ni wọ́n.

Ẹ fi ṣíṣe àkọsílẹ̀ ìwé tẹ́ ẹ ní bẹ̀rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kan àti Excel ti tó. Òpó mẹ́fà péré: orúkọ ìwé, ẹni tó kọ ọ́, ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, ISBN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ sára ìwé), iye ẹ̀dà, àti bí ara ìwé ṣe rí. Kí ẹnì kan máa ka ìwé sókè, kí ẹnì kejì máa tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ẹ da àkọsílẹ̀ gbogbo láíbìrì pọ̀, ẹ fi ISBN tò ó, èyí tó bá pọ̀ níbi gbogbo á sì fara hàn.

Ibi tí iṣẹ́ ti máa ń dàrú nìyí. ISBN onínọ́ńbà 10 ni ayé ń lò títí di òpin ọdún 2006. Láti 1 Oṣù Kìíní 2007 ló ti di 13, tí 978 sì wà níwájú rẹ̀. Àmọ́ 978 kan náà ni nọ́ńbà tí wọ́n fi mọ ìwé Nàìjíríà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá rí ISBN àtijọ́ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 978 á rò pé ó ti di tuntun, kò sì tíì rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ka nọ́ńbà rẹ̀: tó bá jẹ́ 10, ẹ yọ èyí tó kẹ́yìn kúrò, ẹ fi 978 mìíràn ṣáájú, kó di 12. Ẹ wá sọ wọ́n di púpọ̀ ní 1, 3, 1, 3 títí dé òpin, ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Iye tó kù kí àròpọ̀ náà tó dé ìlọ́po mẹ́wàá tó tẹ̀ lé e ni nọ́ńbà ìkẹyìn tuntun. Tó bá ti dé e gẹ́lẹ́, òdo ni. Tẹ́ ẹ bá fo ìgbésẹ̀ yìí, ìwé kan náà á fara hàn bí ìwé méjì.

Ìwé Yorùbá tún ní ìṣòro tirẹ̀, òun ló sì ń dùn wá jù, torí ìwé wa gan-an ló ń sọnù sínú kátálọ́ọ̀gù. Láíbìrì kan tẹ «ọ» gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan ṣoṣo, èyí tí kọ̀ǹpútà mọ̀ sí U+1ECD. Èkejì tẹ «o», ó wá fi àmì abẹ́, U+0323, kún un. Ẹ̀kẹta fi ìlà kékeré, U+0329, sábẹ́ rẹ̀ bí àwọn ìwé kan ṣe ń ṣe. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Kí gbogbo láíbìrì fẹnu kò sórí àmì abẹ́ U+0323, kí wọ́n fi rọ́pò ìlà U+0329, kí wọ́n sì sọ gbogbo àkọsílẹ̀ di irú èyí tí Unicode, ìlànà lẹ́tà lórí kọ̀ǹpútà, ń pè ní NFC, tó ń so lẹ́tà àti àmì rẹ̀ pọ̀, kí wọ́n tó dà á pọ̀. Torí pé àwọn ọmọ ilé-ìwé máa ń wá ìwé láìfi àmì kankan sí i, ẹ kọ orúkọ ìwé pẹ̀lú àmì sínú àyè 245 ti MARC, ìlànà tí láíbìrì fi ń kọ àkọsílẹ̀ ìwé sínú kọ̀ǹpútà, ẹ sì tún kọ ọ́ láìsí àmì sínú àyè 246. Ìṣẹ́jú kan ni àfikún yìí ń gbà lórí ìwé kan. Ẹ má fò ó.

Fún kátálọ́ọ̀gù àpapọ̀, Koha, sọ́fítíwíà láíbìrì, ni ká lò. Láíbìrì kan ní New Zealand ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún ní 1999, wọ́n sì gbé e síta lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé ní 2000. Kò sí owó ọdọọdún láti san fún ẹnikẹ́ni. Owó ẹni tó mọ̀ ọ́n tọ́jú, kọ̀ǹpútà àti dátà ni. Ẹ má fi Koha méje sí ibi méje. Ẹ fi ẹyọ kan síbì kan, kí láíbìrì kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀ bí ẹ̀ka, kí ọmọ ilé-ìwé ní Ìkẹ́nnẹ́ lè rí ohun tó wà ní Ìjẹ̀bú-Òde lójú kan. Tẹ́ ẹ bá ń lo Zebra láti wá ìwé nínú rẹ̀, ẹ ní kí ẹni tó ń ṣètò rẹ̀ yan ICU, ètò tó mọ lẹ́tà onírúurú èdè. Èyí tó máa ń bá a wá tẹ́lẹ̀ kì í mọ àmì ohùn wa lò dáadáa. Kí ìwé àkọsílẹ̀ aláfọwọ́kọ sì wà nítòsí fún ọjọ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ.

Pínpín iṣẹ́ ìkójọ gba ìfọ̀kànbalẹ̀, torí gbogbo ènìyàn ló fẹ́ràn ohun tirẹ̀. Kí ilé ẹ̀kọ́ gíga gba àpilẹ̀kọ ìwádìí. Kí láíbìrì kan ní Ìjẹ̀bú-Òde gba Ojúde Ọba àti àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, kí ọ̀kan ní Rẹ́mọ gba ìwé ìtàn ìlú àti ti ọba, kí òmíràn gba ti ìsìn. Ilé-ìwé tó ti pẹ́ bíi Grammar School Ìjẹ̀bú-Òde, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1913, tàbí Mayflower ní Ìkẹ́nnẹ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1956, ni ìwé ìròyìn akẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀ tọ́ sí. Ìwé ètò Ojúde Ọba kì í dúró de ẹnikẹ́ni: ọjọ́ kẹta Iléyá gan-an ni kí ẹni tí wọ́n yàn wà níbẹ̀, kó gba ẹ̀dà mẹ́ta, torí kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n á ti fi èyí tó kù di àkàrà. Ẹ̀dà kan fún yàrá ìpamọ́, kan fún kíkà, kan fún pàṣípààrọ̀.

Kí àdéhùn náà wà lórí ìwé, kó sọ iye ọdún tí láíbìrì kan fi máa di ẹ̀dà ìkẹyìn mú (ọdún 15 dára fún ìbẹ̀rẹ̀), kó sì sọ ẹni tí ìwé náà máa lọ sí lọ́wọ́ bí láíbìrì yẹn bá tì pa. Ẹ kọ ìlérí náà sínú MARC 583 pẹ̀lú, kí ẹni tó bá fẹ́ yọ ìwé kúrò lórí pẹpẹ rí i kó tó jù ú nù. Àwọn ńlá náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: Columbia, Princeton àti New York Public Library jọ dá ilé ìpamọ́ kan sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ ReCAP, tó ń gbàwé láti 2002. Gíga ìwé ni wọ́n fi ń tò ó níbẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ kókó ìwé. Ẹ̀kọ́ tó yẹ ká jí nìyẹn, torí ìwé kúkúrú àti ìwé gíga lórí pẹpẹ kan náà ń fi àyè ṣòfò.

Ó wá ku yàrá.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni ẹ̀rọ amúlétutù tí wọ́n ń tàn láàárọ̀, tí wọ́n ń pa nírọ̀lẹ́. Ká ní ìta wà ní ìwọ̀n 30 Sẹ́ṣíọ̀sì, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ sì jẹ́ 80%. Ohunkóhun tó bá tutù ju nǹkan bí ìwọ̀n 26 lọ á làágùn nínú afẹ́fẹ́ yẹn, bí ìgò mínírà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú fíríìjì. Ìwé tí ẹ ti mú tutù dé 22 ń kọ́? NEPA mú iná lọ, ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ìwé làágùn. Bí ọ̀rinrin bá ń wà lókè 65% fún ìgbà pípẹ́, ìwé lè bẹ̀rẹ̀ sí í bu. Yàrá tí kò ní amúlétutù rárá sàn ju èyí tó ń tàn tó ń kú lọ.

Nítorí náà, ẹ pín ilé sí ọ̀nà méjì. Gbọ̀ngàn ìkàwé á ṣí sílẹ̀ fún atẹ́gùn. Yàrá àwọn ẹ̀dà ìkẹyìn á kéré, á dí pinpin, òun nìkan ni ẹ óò sì fi ẹ̀rọ agbọ̀rinrin, tó ń fa omi inú afẹ́fẹ́, sí. Yàrá tó fẹ̀ ní mítà 3, tó gùn ní mítà 4, lè gba pẹpẹ onírin mẹ́wàá, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní 90 sẹ̀ǹtímítà, tó sì ní ipele mẹ́fà: mítà 54 lápapọ̀. Bí ìwé kọ̀ọ̀kan bá nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 3, 1,800 ìwé ló gbà. Ipele kan tó kún lè wúwo tó 30 kílò, torí náà ìsàlẹ̀ ilé ni kó wà, má gbé e sórí dẹ́kìn. Kí ipele ìsàlẹ̀ fi 15 sẹ̀ǹtímítà ga ju ilẹ̀ lọ, kí ẹ̀yìn pẹpẹ fi 5 sẹ̀ǹtímítà jìnnà sí ògiri, kí afẹ́fẹ́ lè rìn.

Gbọ̀ngàn ní tirẹ̀, kó gùn láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn, kí fèrèsé wà ní àríwá àti gúúsù. Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìwọ̀n 7 sí àríwá àárín ayé, torí náà lóṣù Kejìlá oòrùn ọ̀sán máa ń fì sí gúúsù ní nǹkan bí ìwọ̀n 30, lóṣù Kẹfà ó máa ń fì sí àríwá ní nǹkan bí 17. Ẹ wọn gígùn láti etí òrùlé dé ìsàlẹ̀ fèrèsé. Tó bá jẹ́ mítà 1.8, etí òrùlé ní gúúsù gbọ́dọ̀ yọ síta ní mítà 1.05, ní àríwá 0.55. Àmọ́ òjò wa máa ń ti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn fẹ́ wá, ẹ jẹ́ kí ti gúúsù tó 1.2. Àwọn tó yàwòrán láíbìrì Yunifásítì Ìbàdàn, Maxwell Fry àti Jane Drew, mọ èyí: búlọ́ọ̀kù oníhò àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n fi gba oòrùn dúró, tí afẹ́fẹ́ sì ń kọjá.

Ẹ sá fún òrùlé tí wọ́n fi ògiri yí etí rẹ̀ ká láti fi gọ́tà pamọ́. Ó lẹ́wà lójú, ewé á dí i, omi á sì gba inú sílìn wọlé. Páànù tó dà sísàlẹ̀, gọ́tà tó hàn síta.

Fún ògiri yàrá ìpamọ́, yẹ̀pẹ̀ pupa wa tó. Erédò Súngbọ́, yàrà àtijọ́ tó yí nǹkan bí 160 kìlómítà ká, tó sì jìn tó mítà 20 láwọn ibì kan, inú yẹ̀pẹ̀ yìí ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣì dúró. Ẹ bu yẹ̀pẹ̀ dé ìdajì ìgò, ẹ fi omi kún un, ẹ mì ín, ẹ gbé e sílẹ̀ di ọjọ́ kejì: yanrìn á wà nísàlẹ̀, amọ̀ lókè. Tí amọ̀ bá ju 30% lọ, bíríkì á sán. Ẹ fi yanrìn kún un. Báàgì símẹ́ǹtì kan sí nǹkan bí 830 kílò yẹ̀pẹ̀, ẹ fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́, ẹ bò ó kúrò lóòrùn, ẹ máa wọ́n omi sí i fún ọjọ́ 7, ẹ má gbé ẹrù lé e kó tó pé ọjọ́ 28. Àwọn tó ń kánjú ló máa ń sọ pé bíríkì amọ̀ kò dára. Kí 15 sẹ̀ǹtímítà etí jámánì fúlọ̀ hàn yí ilé ká, láìsí òdòdó tàbí igi tó fara tì í, kí ẹ lè tètè rí ọ̀nà ikán tó bá ń gùn.

Iná kò le. Gílóòbù LED 10, fáànù 6 oní-35 wáàtì, láptọ́ọ̀pù 3 àti kọ̀ǹpútà Koha ń jẹ nǹkan bí yúníìtì 4 lójúmọ́. Ẹ̀rọ agbọ̀rinrin oní-350 wáàtì tó ṣiṣẹ́ fún wákàtí 10 ń jẹ 3.5. Ẹ fi oòrùn wákàtí 3.5 ṣírò, torí oṣù Keje àti Kẹjọ ni yóò dán yín wò: pánẹ́lì sólà 7 oní-450 wáàtì, bátìrì lithium oní-48 fólìtì àti 100 ámpù-wákàtí. Ọ̀sán ni kí agbọ̀rinrin máa ṣiṣẹ́, nígbà tí oòrùn ń gbé e. Ẹ so ọ̀pá omi rẹ̀ jáde síta. Báàkẹ́ẹ̀tì tó bá kún lópin ọ̀sẹ̀ á dá a dúró.

Ìwé tó bá dé tuntun kò gbọ̀dọ̀ wọlé tààrà. Ẹ yọ pínnì tó ti dípẹtà, ẹ má lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ọn. Tí kòkòrò bá wà nínú rẹ̀, ẹ dì í sínú náílọ́ọ̀nù méjì, ẹ fún afẹ́fẹ́ jáde, ẹ gbé e sínú díìpù fírísà ní −20 fún ọjọ́ méje. Bí iná bá lọ títí tí fírísà fi yọ́, kíkà náà tún bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Ẹ má tú náílọ́ọ̀nù náà kí wákàtí 24 tó pé lẹ́yìn tó jáde, torí òde náílọ́ọ̀nù ló yẹ kó làágùn.